Katakata Nìkan Kọ́ Ló Tún Òṣòdì Ṣe

Àwọn òǹkọ̀wé òṣèlú kan kò yéé tẹnu mọ́ ọn pé katakata tí ìjọba Gómìnà Fáṣọlá kó wọ Òṣòdì, ní Èkó, ní oṣù kìíní ọdún 2009 ló fòpin sí wàhálà ọjà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ibẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni katakata tún wá wó ní ọjà Owónífáàrí, ní Òṣòdì kan náà, ní oṣù kìíní ọdún 2016, nígbà Gómìnà Ambode? Lóòótọ́, ọ̀nà là, ọkọ̀ sì ń lọ. Ta ló máa jiyàn ìyẹn? Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là kò sọ ibi tí aláta máa gbé igbá rẹ̀ kà. Ìjọba Ambode ní káwọn ọlọ́jà Owónífáàrí kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pákódòwò, ní Bọ́ládé. Àmọ́ èrò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú dánfó ni oníbàárà wọn, ẹsẹ̀ èrò ni ọjà sì ń tẹ̀ lé. Ẹ yin ìjọba bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má yọ 2016 kúrò nínú ìtàn.