Èdè Ta Ni Ó Ń Rúni Lójú?

Ẹ̀sùn kan ti pẹ́ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan, àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà sì ti gbà á lọ́wọ́ wọn bí ẹni gba ogún. Ẹ̀sùn náà ni pé èdè Yorùbá, àti èdè Igbo pẹ̀lú, kò ṣe é fi kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn jọra ti pọ̀ jù nínú wọn. Wọn a ní ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò jẹ́ ọkọ ìyàwó, tí yóò jẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí yóò tún jẹ́ ọkọ́ àgbẹ̀. Wọn a ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kò gba àṣìgbọ́, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó yẹ ẹ́.

Kí ẹni tí ó bá gba ẹ̀sùn yìí gbọ́ lọ sí ìlú Enugu. Èédú ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú ńlá, ṣùgbọ́n lónìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń wá lọ síbẹ̀, yálà ní Institute of Management and Technology tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, tàbí ní irú ibùdó bíi Genesys Tech Hub. Èdè olóhùn bíi ti Yorùbá ni àwọn onílùú ń sọ, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì fi kan èdè wọn. Kí olùfisùn jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí ó sì fetí sí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní ó mọ́ gaara.

Yóò gbọ́ "sáàsì". SaaS ni orúkọ tí wọ́n fún ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ kan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn oníbàárà ń sanwó oṣooṣù láti lò. Sass ni irinṣẹ́ tí ó jáde ní 2006, tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, tí kì í pe "r" ní ìparí sílébù, tí kì í sì í ya fáwẹ̀lì gígùn sọ́tọ̀ kúrò lára kúkúrú, méjèèjì dọ́gba. Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀kẹta wọn ni SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí ìjọba tú ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, 2020, lẹ́yìn tí àwọn ọ̀dọ́ ti ké gbàjarè pé ó máa ń dá àwọn dúró nítorí kọ̀ǹpútà tí àwọn gbé kọ́ èjìká. Àwọn ọ̀dọ́ Enugu náà jáde sí títì ní oṣù yẹn. Ìró kan ṣoṣo, nígbà náà, ni ó ń jẹ́ ọjà tí ọmọ náà ń tà, irinṣẹ́ tí ó fi ń ṣe ọjà náà, àti ọlọ́pàá tí ó ń bá a lẹ́rù. Àṣìgbọ́ wo láàárín ọkọ àti ọkọ̀ ni ó tó èyí?

Yóò tún gbọ́ "kọ́ọ̀sì". Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ fún; ó lè jẹ́ okùnfà àléébù kan; ó sì lè jẹ́ CORS, ìlànà tí ó ń sọ bóyá ojú-ewé kan lè gba nǹkan láti ibùdó mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ tí ó sọ pé kọ́ọ̀sì ni ó ń yọ kọ́ọ̀sì yìí lẹ́nu kò parọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ ọ yé? Ti "káàṣì" ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú láti inú èdè Faransé ni cache, ibi ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí kí ó lè tètè rí i mú. Ìró rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti owó tí ènìyàn ń kà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pàṣẹ fún ọmọ tí ń kọ ètò fún ilé ìfowópamọ́ pé kí ó nu gbogbo káàṣì nù, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀.

Àwọn tí ó ni èdè náà gan-an kò fẹnu kò. Nígbà tí Chamberlin àti Boyce ti ilé-iṣẹ́ IBM gbé èdè tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ àkójọ ìsọfúnni jáde ní 1974, SEQUEL ni wọ́n pè é. Nígbà tí ó yá, wọ́n gé e sí SQL nítorí pé ẹlòmíràn ti ni orúkọ náà. Títí di òní, àwọn kan ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn sì ń pe orúkọ àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni GIF, tí ó jáde ní 1987: ẹni tí ó ṣe é ní bí "jíìfù" ni kí wọ́n máa pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ wá wo èdè tí wọ́n ń fi ẹ̀sùn kàn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò jọra ní ìró rárá. Ohùn ti yà wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣi ọkọ́ gbọ́ fún ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Enugu mọ ákwá tí í ṣe ẹkún yàtọ̀ sí ákwà tí í ṣe aṣọ, ó mọ àkwá tí í ṣe ẹyin yàtọ̀ sí àkwà tí í ṣe ibùsùn. Inú ìwé tí kò ní àmì ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ni ó sì gba àmì náà lọ́wọ́ ìwé? Ìgékúrú mìíràn ni: ASCII, àkójọ lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1963. Àyè 128 péré ni ó ní, kò sì sí ẹ, ọ, ṣ tàbí àmì ohùn kankan lórí fáwẹ̀lì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni láti ìpàdé 1875 ní Èkó ni àwọn ènìyàn ti ń jíròrò lórí àkọtọ́ Yorùbá. Nínú ASCII, oko tí àgbẹ̀ ń ro àti gbogbo àwọn mẹ́rin òkè yìí di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí ẹnikẹ́ni má tilẹ̀ dárúkọ ẹ̀kẹfà tí kò yẹ ní àwùjọ. Ẹni tí ó rí i pé ẹrù amúkùn-ún wọ́ kò wo ìsàlẹ̀.

Àwọn akọ-ètò yóò ní ìgékúrú ń dín àkókò kù, àti pé ẹni tí ó wà ní Íńdíà mọ ohun tí SQL jẹ́ bí ẹni tí ó wà ní Enugu. Òótọ́ ni, láàárín àwọn tí ó ti mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì mọṣẹ́. Yorùbá náà ń gé orúkọ kúrú: Adédàpọ̀ di Dàpọ̀, Olúfẹ́mi di Fẹ́mi, síbẹ̀ ohun tí ó kù ṣì ní ìtumọ̀, ohùn rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́rin CORS kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń fi "ẹ̀rọ ayárabíàṣá" ṣe ẹlẹ́yà pé ó gùn jù kò ka iye sílébù tí ó wà nínú Cross-Origin Resource Sharing.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ẹ̀ka Yorùbá. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ̀ lé e ní 1990. Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè tí wọ́n ní kò ṣe é fi Yorùbá kọ́ ni wọ́n ń fi Yorùbá kọ́ báyìí. Kí olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ní Enugu tàbí ní Ìbàdàn, máa pe orúkọ ní kíkún kí ó tó gé e, kí ó sì sọ ohun tí ó ń ṣe ní èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń ronú.

Kí akọ-ètò náà tún ojú ibi tí ASCII bàjẹ́ ṣe. Unicode ti fún ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti àmì ohùn tí ó bá wà lórí rẹ̀. Ètò tí wọ́n kọ láìbìkítà yóò ka ọ̀kọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta, sí márùn-ún. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà to àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò sì jẹ́ ẹyọ kan. Bí wọ́n bá to orúkọ Fẹ́mi lọ́nà kan nígbà tí ó forúkọ sílẹ̀, tí wọ́n sì wá a lọ́nà mìíràn, ẹ̀rọ yóò dáhùn pé kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, Fẹ́mi yóò sì wà lórí ìdúró níwájú akọ̀wé.