Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Ìṣáná Ṣakabùlà



Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́dẹ kan wá bá mi ní Igbóbì kí n dá Ifá fún òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ̀ láti dún níbi ọdún Ògún. Nígbà tí ó fà á lẹ́ẹ̀kẹrin, ó pẹ́ kí ó tó dún, iná sì jó irun ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Awo, ayé ló ń ṣe mí.” Mo gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọlẹ̀. Ohun tí Ifá bá a sọ, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà mo ní kí a lọ bá àgbàlagbà àgbẹ̀dẹ kan. Bàbá wo ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló fi ẹ̀rọ ìbọn ìléwọ́ sí ìdí ìbọn gbọọrọ báyìí?”

Ẹ̀rọ ìṣáná ni ọkàn ṣakabùlà: ọwọ́ tí ó di òkúta mú, irin tí òkúta ń gbá kí iná tó ta, àwo kékeré tí a ń da ẹ̀tù sí, àti sípíríǹgì tí ń ti ọwọ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá kéré jù, òkúta rẹ̀ á kéré, iná rẹ̀ á tín-ín-rín, ìbọn á sì lè pẹ́ kí ó tó dún. Ẹni tí ó bá rò pé kò ní dún mọ́ lè yọjú wo ẹnu rẹ̀, kí ó sì dún mọ́ ọn lójú. Bí ó bá tóbi jù, igi ìbọn ni a óò gbẹ́ jìn ju bí ó ti yẹ lọ, ọrùn igi á di aláìlágbára, sípíríǹgì líle á sì máa mi ìbọn kékeré kúrò lójú àmì. Gígùn nìkan kọ́ ni à ń wò: àwo ẹ̀tù gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ihò tí iná ń gbà wọ ọ̀pá ìbọn. Ìdí nìyí tí a fi ń wo ọ̀pá kí a tó yan ẹ̀rọ, tí a sì ń yan ẹ̀rọ kí a tó gbẹ́ igi.

Àwọn tí ń ṣe é tà fún àwọn baba wa mọ èyí. Ní Brandon, ìlú kékeré kan ní Suffolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti máa ń la òkúta ìbọn tí ń wá sí Áfíríkà nígbà kan rí, òkúta ìbọn gígùn ní orúkọ tirẹ̀, ti ìléwọ́ sì ní tirẹ̀.

Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ìwọ̀n ṣíṣe jẹ́ ọ̀ràn òyìnbó, pé Ògún kò ní jẹ́ kí ìbọn ṣe ọmọ òun léṣe. N kò gbà. Ògún tí ó ni irin ló ni ìwọ̀n irin. Ẹni tí ó bá bọ Ògún tí kò bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, ó bọ orúkọ, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Igbóbì níbí bẹ̀rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ogun àgbáyé kejì ṣe léṣe. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ kọjá. N kò fẹ́ kí a gbé ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan wọ ibẹ̀ láti ojúbọ Ògún.

Ohun kan tún dùn mí gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá èdè. Bàbá àgbẹ̀dẹ ń pe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ọlọ́dẹ wa kò mọ̀ ju ìbọn, ọta àti ẹ̀tù lọ. Níbi tí orúkọ bá ti sọnù, ìwọ̀n a bá a lọ.

Nítorí náà, kí 20 oṣù Ògún, Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tó dé, mo bẹ gbogbo ẹgbẹ́: ẹ jẹ́ kí ẹni tí yóò yin ìbọn ní ìwé àṣẹ tí òfin ohun ìjà ọdún 1959 béèrè, ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀dẹ tí ó mọṣẹ́ wo ìbọn náà ṣáájú, ẹ sì rán àwọn ọmọ wa lọ kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ìbọn tí kò bá yege, ẹ gbé e ti ògiri. Ìlù àti ìjálá tó láti yin Ògún.

Ọlọ́dẹ yẹn ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ifá sọ tirẹ̀, àgbẹ̀dẹ sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn.

Ògún á gbè wá o. Àṣẹ.