Ẹ Má Fi Kọ́ńgò Kan Ṣoṣo Wọn Gbogbo Ìwádìí

Lẹ́tà gbangba sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Yorùbá tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí àti ìgbìmọ̀ ìgbéga ní àwọn yunifásítì Johannesburg

Ẹ̀yin àgbà wa,

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí kí ẹ má baà kà á bí ẹni ń ka mẹ́mò láti ọ́fíìsì, kí ẹ lè gbọ́ ọ bí ìráhùn àbúrò sí ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú yín wá síbí láti Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó àti Ìlọrin. Ẹ ti di ẹni tí wọ́n ń pè sí ìpàdé tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí yóò di ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹni tí yóò gba owó ìwádìí. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe mínísítà.

Àtúnṣe àkọsílẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Àwọn olùkọ́ yunifásítì a kọ àpilẹ̀kọ, èmi a bá wọn yọ àṣìkọ kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ jọ́nà. Ìdí nìyí tí onírúurú ìmọ̀ fi ń gba orí tábìlì mi kọjá ní Braamfontein, ní àárín ìlú yìí. Lánàá ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ eruku inú kùsà góòlù tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lónìí, bí wọ́n ṣe ń fi Sesotho ṣàwàdà lórí rédíò. Lọ́la, omi kíkan tó ń ṣàn jáde láti inú kùsà tí wọ́n ti pa tì. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an. Ohun tí n kò gbádùn ni ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn iṣẹ́ náà kí wọ́n tó dé ọwọ́ mi. Ìwádìí tó yẹ kó jẹ́ odindi, wọ́n ti gé e sí mẹ́ta, mẹ́rin. Ìfáárà kan náà ló wà lórí gbogbo wọn, àwọn ènìyàn kan náà ni wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tábìlì kan péré ni wọ́n sì fi ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Bí mo bá béèrè ìdí, èsì kan náà ni mo ń gbọ́: "Ẹyọ là ń wá."

Ẹyọ tí wọ́n ń wí kì í ṣe àṣírí láàárín yín, ṣùgbọ́n kí àwọn ará ilé tó máa ka lẹ́tà yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìlànà kan wà tí ìjọba Gúúsù Áfíríkà gbé kalẹ̀ ní 2003, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2015. Iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì bá tẹ̀ jáde wà lára ohun tó ń sọ iye owó ìrànwọ́ tí ìjọba ní Pretoria yóò fún un. Àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà tí ìjọba fọwọ́ sí jẹ́ ẹyọ 1. Ìwé odindi kò lè ju ẹyọ 10 lọ, iye ojú-ìwé rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ṣírò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gboyè ọ̀mọ̀wé jẹ́ ẹyọ 3. Owó tó wà lórí ẹyọ kan lé ní 100,000 rand. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ kọ àpilẹ̀kọ kan, wọ́n á pín ẹyọ náà sí mẹ́ta. Bí méjì nínú wọn bá wà ní Nàìjíríà tàbí Jámánì, ìpín tiwọn wọgbó nìyẹn.

Ìjọba ní ìdí tirẹ̀. Yunifásítì 26 ló ní láti pín owó fún, kò sì lè rán ènìyàn lọ ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Yunifásítì ni ìlànà náà sì ń bá sọ̀rọ̀. Àwa la mú òṣùwọ̀n tó wà fún odindi ilé-ẹ̀kọ́, tí a gbé e lé ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí: ẹyọ mélòó lo ní lọ́dún yìí, ẹyọ mélòó lo gbọ́dọ̀ ní kí o tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, èló nínú owó náà ni yóò wọ àpò ìwádìí rẹ. Lọ́jà wa, kọ́ńgò wà fún gààrí àti ìrẹsì. Kò sí aláṣọ tó ń fi kọ́ńgò wọn àǹkárá, ẹni tó bá sì fẹ́ fi wọn iṣu ní láti kọ́kọ́ gé iṣu náà wẹ́wẹ́. Gígé wẹ́wẹ́ yìí gan-an ló ń dé orí tábìlì mi.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Sterkfontein, ihò àpáta Yunifásítì Wits tó wà lápá àríwá-ìwọ̀-oòrùn ìlú yìí. Ní 1994, Ronald Clarke, onímọ̀ egungun àtijọ́, ń tú àpótí egungun tí wọ́n ti kó pamọ́ tipẹ́ wò, ó sì rí egungun ẹsẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ti kà mọ́ ti ẹranko. Kì í ṣe ti ẹranko. Ti ìran àtijọ́ kan tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bíi tiwa ni. Ní 1997 ó fún àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Stephen Motsumi àti Nkwane Molefe, ní àwòṣe ibi tí egungun ojúgun ti ṣẹ́, ó ní kí wọ́n lọ wá ìyókù rẹ̀ nínú òkùnkùn ihò náà. Iná ọwọ́ ni wọ́n gbé dání. Láàárín ọjọ́ méjì wọ́n rí i, nínú àpáta tó le bíi kọnkéré. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wojú àáké: wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tò ó, ogún ọdún sì kọjá kí wọ́n tó fi egungun tí a ń pè ní Little Foot han aráyé ní oṣù Kejìlá 2017. Lóòótọ́, àpilẹ̀kọ ń jáde nípa rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, yíyọ egungun kúrò lára òkúta láìfọ́ ọ, kò ní ẹyọ kankan. Àwọn Motsumi àti Molefe tí ojú wọn rí i, kò síbi tí wọn yóò ti wọ inú ìṣirò náà àfi bí wọ́n bá wà lára àwọn tó kọ àpilẹ̀kọ. Ẹ sọ òótọ́ fún mi: olùkọ́ ọ̀dọ́ tó wà lórí àdéhùn ọdún mẹ́ta, ṣé ẹ lè gbà á nímọ̀ràn kó dáwọ́ lé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí?

Onímọ̀ físíìsì ní wàhálà mìíràn. Ní 2015, ikọ̀ ATLAS àti CMS ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, jọ tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí ìwúwo Higgs boson. Àwọn tó kọ ọ́ jẹ́ 5,154. Ojú-ìwé 33 ni, 24 nínú rẹ̀ jẹ́ orúkọ àwọn òǹkọ̀wé àti ilé-iṣẹ́ wọn. Wits àti Yunifásítì Johannesburg wà nínú ATLAS. Bí ẹ bá pín ẹyọ 1 sí 5,154, ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ju bí 20 rand lọ, owó búrẹ́dì kan.

Ti ìṣègùn tún yàtọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2020, Shabir Madhi àti ikọ̀ rẹ̀ ní Wits bẹ̀rẹ̀ ìdánwò abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà tí Oxford àti AstraZeneca ṣe. Bí 2,000 ènìyàn ló yọ̀ǹda ara wọn. Ní oṣù Kejì 2021 wọ́n kéde pé abẹ́rẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dènà àìsàn tí kò le púpọ̀ láti ọwọ́ ẹ̀yà kòkòrò tó gbòde ní orílẹ̀-èdè yìí nígbà náà, ìjọba sì dá pínpín rẹ̀ dúró. Oṣù Kẹta ni jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́. Ìpinnu tó kan odindi orílẹ̀-èdè ti wáyé kí ẹyọ tó dé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àbájáde ìwádìí náà ni pé nǹkan kò ṣiṣẹ́ bí a ti rò. Nínú ìwé ìṣirò, àpilẹ̀kọ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pín ni.

Síbẹ̀, àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù ni onímọ̀ ìtàn àti onímọ̀ èdè. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni àwọn olùwádìí Wits ti ń lọ jókòó ti Kas Maine, àgbẹ̀ dúdú kan tó ń dáko lórí ilẹ̀ àwọn òyìnbó, tí wọ́n jọ ń pín ìkórè. Wọ́n bi í léèrè nípa màlúù, àwọn ìyàwó rẹ̀, gbèsè, òjò, ìjà òun àti onílẹ̀. Maine kú ní 1985. Ìwé onímọ̀ ìtàn Charles van Onselen lórí ayé rẹ̀, The Seed is Mine, kò jáde títí di 1996, ó sì lé ní ojú-ìwé 600. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ dúdú lórílẹ̀-èdè yìí, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi ìlànà òní wọ̀n ọ́n, ẹyọ 10 ni òpin rẹ̀, iye tí ẹni tó bá mọ ọgbọ́n gígé wẹ́wẹ́ lè kó jọ láàárín ọdún mélòó kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Vilakazi. Ẹ̀yin tó ti mú àlejò láti ilé lọ sí òpópónà Vilakazi ní Soweto, níbi tí ilé Mandela àti ti Tutu wà, ẹ mọ̀ pé akéwì àti onímọ̀ èdè ni wọ́n fi sọrí. Wits University Press tẹ ìwé ewì rẹ̀ ní isiZulu, Inkondlo kaZulu, ní 1935. Láìpẹ́ sígbà náà ni Wits gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n nítorí àwọ̀ rẹ̀, olùrànlọ́wọ́ èdè ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní olùkọ́. Ó gboyè ọ̀mọ̀wé níbẹ̀ ní 1946, ó kú ní 1947, ìwé atúmọ̀ èdè Zulu sí Gẹ̀ẹ́sì tí òun àti Clement Doke, onímọ̀ èdè ní Wits, jọ ṣe sì jáde ní 1948. Ká ní ó wá síwájú ìgbìmọ̀ yín lónìí, pẹ̀lú ìwé ewì kan àti àpótí káàdì ọ̀rọ̀ tí kò tíì di ìwé, kí ni ẹ ó sọ fún un? Mo mọ̀ pé láti 2017 ìlànà mìíràn ti fàyè gba ewì, orin, eré orí ìtàgé àti àwòrán. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Àpótí káàdì náà ló ń bà mí lẹ́rù.

Ilé wa náà ńkọ́? Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan: kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù. Ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì tí wọn yóò lò kò sí nílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n kọ wọ́n. Ẹ yọ àwọn ìwé yẹn kúrò, ìwádìí náà kò sí mọ́. Ìlànà Pretoria sì sọ ọ́ kedere pé ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ kì í gba ẹyọ.

Ibi tí ẹyọ ń gbé ènìyàn lọ kò ṣókùnkùn mọ́. Ní 2017, Johann Mouton àti Astrid Valentine tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú South African Journal of Science. Wọ́n rí i pé láàárín 2005 sí 2014, àpilẹ̀kọ 4,246 láti Gúúsù Áfíríkà ló wà nínú jọ́nà 48 tí wọ́n fura sí pé jẹgúdújẹrá ni wọ́n, jọ́nà tó ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tí kì í sì í yẹ iṣẹ́ wò bó ti yẹ. Àwọn tó kọ àwọn àpilẹ̀kọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀pọ̀ wọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ búra, ń ṣe ohun tí fọ́ọ̀mù ní kí wọ́n ṣe.

Mo mọ èsì tí àwọn kan nínú yín yóò fọ̀, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Kí ẹyọ tó dé, ẹni tó bá ọ̀gá mu ọtí ló ń gba ìgbéga. Ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ ara yan ènìyàn, iye kì í wo àwọ̀, kì í sì í béèrè ìwé ìrìnnà. Ọmọ Nàìjíríà tó dé pẹ̀lú àpò kan, tí kò mọ ẹnikẹ́ni, àpilẹ̀kọ rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ì bá tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òótọ́ ni, ó sì ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú yín. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà yín sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti di ohun tí ẹ fi ń dá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín dúró, pàápàá èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra. Ẹ sì mọ ọ̀nà mìíràn tí kì í ṣe ojúsàájú: kí ènìyàn méjì tó mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, tí wọn kò sì mọ ẹni tó ṣe é, kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí owó ẹyọ wọ àpò ẹnì kan ṣoṣo mọ́; ẹ̀ka ni kó gbà á, kí ẹ̀ka fi bọ́ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tíì so. Kí ẹni tó ń wá ìgbéga mú iṣẹ́ mẹ́ta péré wá, èyí tó bá yàn fúnra rẹ̀, ìbáà jẹ́ àpilẹ̀kọ, ìwé atúmọ̀ èdè, ihò tó gbẹ́ tàbí ìdánwò tó já sí òfo. Kí onímọ̀ ìtàn sọ iye ọdún tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́, kí wọ́n má sì yí ohùn padà ní ọdún kejì.

Èyí tó kù kan ilé. Nígbà tí Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó bá fi fáìlì ìgbéga ẹnì kan ránṣẹ́ sí yín gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò láti ìta, ẹ má fi ohun tí ẹ kọ́ ní Johannesburg dá a lẹ́jọ́. Wọ́n ti ní ìyà tiwọn níbẹ̀, wọ́n ń wá jọ́nà òkè òkun kiri, wọ́n ń fi owó oṣù san owó ìtẹ̀wé. Bí ẹnì kan bá fi ọdún mẹ́jọ gba oríkì ìlú kan sílẹ̀, tó sì fi Yorùbá ṣe àlàyé rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín pé ẹ kà á, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀.

Mo sì ti rí fọ́ọ̀mù ìgbéga tí ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ń kún lọ́wọ́. Ojú-ìwé kìíní rẹ̀ ni wọ́n ti béèrè àpapọ̀ ẹyọ, kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣèwádìí rẹ̀. Bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Èmi ni àbúrò yín,
Alátùn-únṣe àkọsílẹ̀ kan ní Braamfontein