Ẹ tún ìwé ọmọ náà yẹ̀ wò

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ní Kumasi, àti jákèjádò Gánà, ẹni tó bá fẹ́ di nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà kó tó gba ìwé-àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. A kì í fi àánú fún aláìmọ̀ọ́ṣe ní máàkì. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ké pé ìbéèrè kò tọ́, tàbí pé òun kò fìdí rẹmi, kí wọ́n má yára pè é ní ọ̀lẹ. Lóṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn ọmọ Nàìjíríà pariwo lórí èsì JAMB. Àjọ náà yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó rí àṣìṣe. Ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, sunkún, ó tọrọ àforíjì. Wọ́n ní kí ọmọ 379,997 wá tún ìdánwò ṣe. Ẹni tó ń dánni wò náà lè ṣì í.