Ẹ Má Ṣe Fi Aláìsàn Yín Sílẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà

 

Àwọn àìsàn kan wà tí kì í pẹ́ lára. Ibà wà lára wọn. Bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn, tí a sì lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ti ní kí a lò ó, ara á yá láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àwọn àìsàn mìíràn wà tí kì í lọ bọ̀rọ̀. Àìsàn ọpọlọ jẹ́ ọ̀kan. Wárápá jẹ́ ọ̀kan. Àrùn tí ó máa ń rọ apá kan àti ẹsẹ̀ kan lójijì jẹ́ ọ̀kan. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe lè lo oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta níbi ìtọ́jú. Ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ èrò mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kìíní ni: ọjọ́ tí a gbé e dé, tí nọ́ọ̀sì, ẹni tí a ń pè ní infirmier, jókòó ti bíìkì àti ìwé rẹ̀, tí ó fẹ́ gbà á wọlé.

Báwo ni a ti máa ń ṣe ní ọjọ́ náà? Ẹ̀yin náà ti rí i. Wọ́n gbé aláìsàn sọ̀kalẹ̀ lórí zémíjàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n náà sọ ọ̀rọ̀ méjì fún nọ́ọ̀sì, ó fi owó díẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Mo ń bọ̀." Iṣu ń dúró dè é lóko, tàbí kajú ń jábọ́ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, a kò rí i. Oṣù kan kọjá. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn ọpọlọ, ẹbí mìíràn kì í padà wá mọ́ rárá.

Èmi sọ pé èyí kò dára. Kì í ṣe nítorí ìtìjú nìkan ni mo fi sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tí a dá aláìsàn nìkan fi sílẹ̀ fún kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dàrú, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́, kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀. Ta ni yóò bá a sọ ọ́?

Ìbéèrè nọ́ọ̀sì kì í ṣe ti ọlọ́pàá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bínú sí ìbéèrè. Wọ́n á ní, "A gbé ẹni tí ó ń kú lọ wá, ó ń bi wá pé ọmọ mélòó ni ó bí!" Ẹ jẹ́ kí á wo ìdí tí ó fi ń béèrè.

Ohun tí ó lè pa aláìsàn kí ilẹ̀ tó ṣú ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ ń wá. Ó wo bí ó ṣe ń mí. Ó wo bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ó wọn ìfúnpá rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tension. Ó wo ara rẹ̀ bóyá ọgbẹ́ wà níbẹ̀, pàápàá ní ẹ̀yìn àti ní ìdí ẹni tí ó ti sùn sójú kan pẹ́. Bí wọ́n bá ti fi okùn dè é nílé, ó wo ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé: ìgbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni, àbí lójijì? Ṣé ara rẹ̀ gbóná kí ó tó máa sọ ìsọkúsọ? Ṣé ó ṣubú, tí ó fi orí gbálẹ̀?

Ìdáhùn yín lè gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ láti àná, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ó lè má jẹ́ wèrè rárá. Ibà tí ó ti kan ọpọlọ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn yírùnyírùn, tí wọ́n ń pè ní méningite, tí ó máa ń jà ní apá àríwá ilẹ̀ Benin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ pẹ̀lú, orí rẹ̀ lè dàrú lójijì. Ìtọ́jú kíákíá ni gbogbo wọn nílò. Ṣùgbọ́n àwa a máa yí ọjọ́ padà. Bí ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó ní àná ni, kí wọ́n má baà bá wa wí pé a pẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n bá yín wí sàn ju kí wọ́n fún aláìsàn yín ní ìtọ́jú tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí a kórìíra ju gbogbo rẹ̀ lọ: "Kí ni ẹ ti fún un mu?" A ó ní, "A kò fún un ní nǹkan kan." Àgbo sì ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún! Nọ́ọ̀sì kò béèrè kí ó lè bú onísègùn yín. Ó ń béèrè nítorí pé oògùn kan lè bá oògùn mìíràn jà nínú ara. Bákan náà ni tramadol tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń lò kí wọ́n lè pẹ́ lóko. Ó lè fa gìrì. Ti sódábì tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ti ń mu ún púpọ̀ lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́, tí kò wá rí i mu mọ́ nílé ìwòsàn, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Gìrì lè gbé e ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ó lè kú. Bí nọ́ọ̀sì bá ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, oògùn wà tí yóò fi dènà rẹ̀. Ẹ wò ó, irọ́ tí a pa láti bo bàbá wa lórí ni ó fẹ́ pa bàbá wa.

Ta ni yóò túmọ̀?

Èyí ni ó dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ mọ bí agbègbè wa ṣe rí. Ní Manigri, Nàgó ni. Ní Bassila, ọ̀pọ̀ ń sọ Anii. Ní Pénéssoulou níhìn-ín, èdè tí a ń gbọ́ ju ẹyọ kan lọ. Nọ́ọ̀sì tí ìjọba rán wá lè jẹ́ ọmọ Abomey tàbí ọmọ Parakou. Ó gbọ́ Fɔ̀n tàbí Bàríbá, ó gbọ́ Faransé. Kò gbọ́ tiwa. Kí ni a ń ṣe? A ń pe ọmọ ilé ìwé tí ó wà nítòsí.

Ṣé ọmọ ọdún méjìlá lè bi bàbá rẹ̀ pé ṣé ó ń tọ̀ sára? Ṣé ó lè bi ìyá rẹ̀ pé nǹkan oṣù rẹ̀ ń kọ́? Ojú á tì í. Yóò sọ èyí tí ó bá rọrùn fún un.

Àgbà tí ó gbọ́ Faransé pàápàá máa ń gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe máa ń rí. Ìyá àgbà kan á sọ̀rọ̀ títí. Á sọ pé òun kò rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú. Á sọ ti ohùn tí ó ń pe òun lóru. Á sọ pé òun ti dé etí odò lẹ́ẹ̀mejì. Ògbifọ̀ á wá yíjú sí nọ́ọ̀sì, á ní, "Ó ní orí ń fọ́ òun, oorun kò sì kun òun."

Gbólóhùn kan ṣoṣo! Odò dà níbẹ̀? Ohùn dà? Nọ́ọ̀sì kò gbọ́ pé ìyá náà ti ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Nítorí náà kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó ṣọ́ ọ ní òru náà. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ni ó jẹ̀bi.

Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé ni wọ́n ń pè sí iṣẹ́ yìí. Mo bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Bí ìyá bá sọ gbólóhùn mẹ́wàá, ẹ túmọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Èyí tí kò bá yé yín, ẹ ní kò yé yín. Ohun tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀, kí ó má dé ọjà. Ẹ̀yin ẹbí pẹ̀lú, àgbà ni kí ẹ mú lọ, kí ó jẹ́ obìnrin fún obìnrin bí ó bá ṣeé ṣe.

Òfin tí wọ́n ṣe ní Àró

Ẹlòmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni mo ń sọ, pé dókítà kò bìkítà bóyá ẹbí wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Abẹ́òkúta ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní 1944, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn aláìsàn ọpọlọ sí Lantoro ní ìlú náà. Ilé ẹ̀wọ̀n ni ilé ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ọmọ Ẹ̀gbá ni òun fúnra rẹ̀, ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Kò fẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé inú ilé tí a tì. Ó bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tí ó yí ibẹ̀ ká ṣe àdéhùn, pé kí wọ́n fi yàrá gba aláìsàn. Òfin rẹ̀ ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ bá ẹbí wá, ó kéré tán ẹnì kan: ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ìyàwó bàbá. Ẹni náà yóò máa se oúnjẹ, yóò máa fọ aṣọ. Yóò mú aláìsàn lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, yóò sì mú un padà sí abúlé ní ọ̀sán. Nọ́ọ̀sì náà ń lọ wò wọ́n ní abúlé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti ń balẹ̀ a máa bá onílé ṣiṣẹ́ oko.

Ní 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Abẹ́òkúta láti jíròrò, wọ́n sì rí iṣẹ́ yìí. Nígbà tó yá, Lambo di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní Geneva. Ẹni ńlá ni. Síbẹ̀, òfin tí ó fi gba aláìsàn wọlé kò ju èyí tí ìyá àgbà yín lè ṣe lọ: ẹ má dá a nìkan wá.

Òfin náà le, mo mọ̀. Ẹni tí kò ní ẹnì kankan ńkọ́, èyí tí ó ń rìn kiri ọjà ní ìhòòhò? Ọmọ ilẹ̀ Benin kan, Grégoire Ahongbonon, ronú kan irú wọn. Iṣẹ́ táyà ọkọ̀ ni ó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn kúrò ní títì, ó sì ń tú àwọn tí a dè mọ́ igi. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint Camille, ṣí ilé ìtọ́jú ní Avrankou, ní ilẹ̀ Benin, ní 2004, ó sì ṣí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti ṣe irú àìsàn náà rí. Bí wọ́n bá gbé ẹnì kan dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́, ẹni tí ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè rí. Nítorí náà, ibẹ̀ wà fún aláìlẹ́nìkan. Ẹni tí ó ní ẹbí ni mo ń bá wí.

"Olùkọ́, ta ni yóò kọ ebè?"

Òótọ́ ni. Ebè kò lè kọ ara rẹ̀. N kò sọ pé kí ẹnì kan fi oṣù mẹ́ta jókòó. Ẹni tí ó mọ aláìsàn jù ni kí ó tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní, kì í ṣe ẹni tí ó ní ọkọ̀. Kí ó dúró fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, kí àwọn yòókù máa gbà á ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ ra káyé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí i, àti ohun tí ó ti mu. Ẹ kọ orúkọ oògùn tí wọ́n fún un àti wákàtí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó fi káyé náà lé ẹni tí ó ń bọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ kọ orúkọ tí a ń pè é nílé pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, kí àgbà tó wọlé, wọ́n ń bi ẹbí rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́ kí a máa pe òun, ohun tí ó ń jẹ, àti ìgbà tí ó ń sùn. Kì í ṣe àṣejù. Bí nọ́ọ̀sì bá fi orúkọ inú carnet pe ìyá kan, tí ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ó ti bí àkọ́bí, ó lè má dáhùn. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́.

Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún òun náà. Ẹ kọ́kọ́ kí wọn kí ẹ tó ní "carnet dà?" Ẹ fi ibi omi àti ilé ìgbẹ́ hàn wọ́n. Ẹ sọ iye owó kí wọ́n tó wọlé, kì í ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ. Ẹ ka aṣọ àti owó aláìsàn lójú ẹbí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹbí tí a pariwo mọ́ ní ọjọ́ kìíní ni ó máa ń sá.

Nígbà tí ẹ bá sì ní láti padà sílé, ẹ má yọ́ lọ nígbà tí aláìsàn bá sùn. Ẹ jí i. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń lọ, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ àti ẹni tí yóò dúró tì í. Kí nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ, kí ó kọ ọ́. Bí ẹ bá ní ọjọ́ ọjà ni, ẹ dé ní ọjọ́ ọjà.