Ẹ San Owó Ná, Kí Ẹ Tó Rí Dókítà

Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ibẹ̀ náà ni mo sì ti gbọ́ ìwọ̀nba Yorùbá tí mo ń sọ. Bí ohùn mi bá yà díẹ̀, ẹ forí jì mí, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí ara ọmọ ìyá alákàrà iwájú ilé wa gbóná lóru. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, àsìkò tí àrùn yírùnyírùn máa ń jà lọ́dọ̀ wa. Ìyá náà pọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní kí ó gba káàdì, kí ó san owó àyẹ̀wò, kí ó lọ ra abẹ́rẹ́ àti omi tí wọn yóò fà sí ọmọ náà lára. Owó àkàrà ọjọ́ mẹ́ta kò tó ìdajì rẹ̀. Ó padà wálé lóru náà láti yá owó. Ilẹ̀ ti mọ́ kí a tó dá a jọ fún un. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn mọ́ títí di òní.

Nọ́ọ̀sì ọjọ́ náà ni mo ń bú láti ìgbà yẹn. Ìgbà tí mo dé ibí tí mo ka ìwé díẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju nọ́ọ̀sì lọ. Ní 1987, Báǹkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde tó gba àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó nímọ̀ràn pé kí aláìsàn máa san nǹkan ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà péjọ ní Bamako, tí wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a máa ta òògùn, kí a fi owó rẹ̀ ra òmíràn. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, àpótí òògùn sì ṣófo. Kí ni ọ̀fẹ́ fẹ́ ṣe níbi tí kò sí Panadol? Wọ́n tilẹ̀ ní kí a yọ tálákà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá tálákà mọ̀ lójú fèrèsé agbowó ní aago méjì òru?

Uganda fòpin sí owó yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba ní 2001. Èrò ya wọ ibẹ̀, àwọn tálákà ló sì jàǹfààní jù. Àmọ́ òògùn a máa tán, aláìsàn a sì lọ rà á níta. Èyí ni àwọn tó ń pariwo ọ̀fẹ́ láàrin wa kì í fẹ́ gbọ́: bí aláìsàn kò bá san án, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mú un wá.

Ta ni? Ní 2001 yẹn náà, ní Abuja wa níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí ìdá 15 nínú 100 owó ìsúná fún ìlera. Ìjọba àpapọ̀ tiwa tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí. Òfin 2022 wá ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà wọ ètò ìdójútòfò ìlera. Ó dára. Àjọ ni, a sì mọ àjọ: ẹni tí ara rẹ̀ le ń dá a, ẹni tó ṣàìsàn ń kó o. Ti òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù rọrùn, wọn a yọ ọ́ kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìyá alákàrà ńkọ́? Ghana fi owó-orí ìdá 2.5 nínú 100 lé ọjà nítorí ètò tirẹ̀. Ní Rwanda, ìjọba ló ń san ti àwọn tó tálákà jù. Lójú tèmi, owó-orí wa ni kí wọ́n fi san ti ìyá yẹn, kí àwa náà má sì kùn nígbà tí a bá di òṣìṣẹ́.

Ẹgbẹ́ wa pàápàá kò yàtọ̀. Ìgbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni a tó ń gbé fìlà kiri. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, n óò dábàá pé kí olúkúlùkù san díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí akápò lè gbé owó lọ sí ilé ìwòsàn lóru láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá ní lára àwọn ọmọ ọdún kìíní, kí àwa àgbà san tirẹ̀. Mo mọ̀ pé akápò yóò bá mi fà á. Kí ó múra sílẹ̀.