Ohun Tó Ń Bá Omídùn Lọ

Bí àwọn ológì Ìwó bá rẹ àgbàdo títí tó fi kan, tí wọ́n lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ, ògì a lọ sísàlẹ̀, omídùn a wà lókè. Díẹ̀ là ń fi rẹ àgbo. A sábà máa ń da ìyókù nù, tòun ti purotéènì tó ti yòrò sínú rẹ̀.

Asẹ́ aláṣọ kò lè dá purotéènì yìí dúró. Oríṣi asẹ́ méjì làwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò, ojú ò sì lè rí ihò wọn. Àkọ́kọ́ a dá baktéríà dúró. Èkejì, tí ihò rẹ̀ tún kéré sí i, a di purotéènì mú, a jẹ́ kí omi, iyọ̀ àti ásíìdì kọjá. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí omi náà máa ṣàn lójú asẹ́, kó má baà tètè dí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó ẹ́ńsáìmù tí baktéríà pèsè fún ọṣẹ ìfọṣọ.

Bowen University ti wà ní Ìwó láti 2001. Ó yẹ kí ìjọba Ọ̀ṣun fún wọn lówó láti dán asẹ́ yìí wò lórí omídùn. Asẹ́ náà wọ́n lóòótọ́, ó sì ń fẹ́ iná tí kì í ṣe ségesège.